Ilé Tí Kò Tú

Ìyá kan wà ní kílóòsì wa ní Festac, tí wọ́n ń ta ẹja yíyan lọ́jà Agboju. Àwọn, ọmọ wọn obìnrin méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́ta àti ọmọ àbúrò wọn tó wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n jọ wà nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. Kò sí ọkọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà wá bá mi pé kí n bá àwọn kọ ọ́. "Orúkọ baba, olórí ìdílé" ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Mà, kí ni ká kọ síbí?" Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé ni wọ́n ń bèèrè? Kọ orúkọ mi sí i, jàre."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kọ ní Yorùbá nípa iṣẹ́ Niara Sudarkasa, aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn. Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1938. Gloria Marshall ni wọ́n sọ ọ́. Ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Bahamas ló ti jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia, ó wá gbé ní Àwẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, láàárín àwọn obìnrin tó ń ná ọjà. Ìwé tó kọ lórí wọn, Where Women Work, jáde lọ́dún 1973. Ó kọ́ni ní Michigan, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, ibi tí Azikiwe àti Nkrumah ti kàwé. Ó kú lọ́dún 2019.

Ohun tó rí ní agbo ilé kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọmọ ìyá àti ọbàkan ni òpó ilé. Ìyàwó wá bá wọn níbẹ̀ ni. Bí ọkọ kan bá kú, tàbí tí ìyàwó kan bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, agbo ilé ṣì wà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya ni wọ́n fi ń wọn ẹbí. E. Franklin Frazier, àgbà onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó jẹ́ aláwọ̀dúdú fúnra rẹ̀, kọ ìwé ńlá kan lọ́dún 1939 pé oko ẹrú ti gba àṣà ẹbí tí wọ́n gbé ti Áfíríkà bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1965, Daniel Patrick Moynihan, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kọ ìròyìn tirẹ̀ pé ẹbí àwọn tálákà aláwọ̀dúdú ń fọ́, ó sì ka ilé tí obìnrin ń darí mọ́ ìṣòro náà. Sudarkasa ní òpó mìíràn ni wọ́n ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ló di ẹbí wọ̀nyẹn mú, kì í ṣe ìgbéyàwó, láti Áfíríkà ni wọ́n sì ti gbé e wá.

Bí mo bá fẹ́ kọ èyí ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ lè gbé mi ṣubú. Lórí rédíò wa, ilé tí kò sí baba níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "ilé tó tú". Ọ̀rọ̀ yẹn ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. Ilé ìyá ẹlẹ́ja yìí, kí ló tú níbẹ̀? "Ilé tí ìyá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀" ni mo ń kọ; ó gùn, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ọmọ tí a bí láìṣe ìgbéyàwó, "ọmọ àlè" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Mi ò ní kọ ọ́ láé. Èébú ni, àti pé ní ilé Yorùbá, ọmọ tí baba bá ti jẹ́wọ́ ti di ọmọ onílé.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ọ̀rọ̀ tí Frazier àti Moynihan lò fún ilé abẹ́ ìyá, bí ẹni pé obìnrin jọba níbẹ̀. "Ìjọba ìyá" kọ́ ni mo fẹ́. Obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ ra ẹja kò gorí ìtẹ́ kankan. Àwọn tó ń pín ogún ló là mí lójú. Bí baba olóbìnrin púpọ̀ bá kú, wọ́n lè pín dúkìá rẹ̀ ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, tàbí ní ìdí-igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ìyá àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdí kan nínú ilé ńlá, láìjẹ́ pé ilé ńlá náà fọ́. Nítorí náà, "ìdí ìyá" ni mo mú. Okùn ẹ̀jẹ̀ tí Sudarkasa tẹnu mọ́ di "okùn iyèkan", èkejì sì di "okùn ìgbéyàwó".

Lọ́dún 1939 kan náà tí ìwé Frazier jáde ni N. A. Fadipe parí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìbágbépọ̀ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹbí wa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí ibẹ̀ ni ǹ bá ti rí àwọn ọ̀rọ̀ tí mò ń wá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ ká jù nù pátápátá: "àkàtà". Orúkọ ẹranko igbó ni, òun la sì fi ń pe àwọn aláwọ̀dúdú tí Sudarkasa kọ nípa ẹbí wọn. Ilẹ̀ tí mo ń gbé ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin yìí, àlejò àjọ̀dún FESTAC ni wọ́n kọ́ ilé orí rẹ̀ fún. Láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ìran wa láti òkè òkun wà ní Èkó, Stevie Wonder àti Sun Ra pẹ̀lú wọn. Ilé ni wọ́n ń wá bọ̀. "Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà" ni mo ń kọ, bó tilẹ̀ gùn.

Ó wá ku ọ̀kan. Lọ́dún 1974, Carol Stack kọ All Our Kin lórí àwọn aláwọ̀dúdú tálákà ní ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń yá ara wọn láṣọ, lóúnjẹ, tí wọ́n ń bá ara wọn mójú tó ọmọ, títí ẹni tí kò bá wọn tan fi di ẹbí. "Ará ilé" ni mo kọ́kọ́ pè é, mo sì kà á fún ìyá ẹlẹ́ja nígbà tí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n mi orí. "Ará ilé lè jẹ́ ẹni tó ń yàn ẹ́ lódì. Ìyá Bọ̀sẹ̀ lókè yìí tó ń bá mi gba àwọn ọmọ nílé-ìwé, a jọ ń tọ́ wọn ni." Mo fa ilà sí "ará ilé", mo kọ "alájọtọ́" sókè rẹ̀.