Òfin Èéfín Ló Dá Agbára Ẹ́ńjìnnì Padà

Ní 1975, ẹ́ńjìnnì lítà 5.7 ló wà nínú Corvette tí Chevrolet ń tà ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ agbára ẹṣin 165 péré ni ẹni tí kò sanwó kún owó ń rí gbà. Ní 2016, lítà 1.5 ni Honda fi sínú Civic, pẹ̀lú táábò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, ó sì mú 174 jáde. Àlàyé tó máa ń yá lẹ́nu ni pé ọpọlọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní pé ju ti àwọn àtijọ́ lọ. N kò gbà. Láti 1905 ni Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táábò. Peugeot tó gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé ní 1912 ti ní fáàfù mẹ́rin lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Epo gidi ni wọn kò ní, àti ohun tí yóò máa ṣọ́ iná inú ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń jó.

Bí a bá ṣe fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó kí pílọ́ọ̀gì tó tanná sí i ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n epo ìgbà náà a máa dédé gbiná, a sì máa lu pístìn bí òòlù. Ìdí nìyí tí Ford kò fi lè fún ti Model T pọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún, tí lítà 2.9 fi mú agbára ẹṣin 20 wá. Ní 1921, Thomas Midgley ní General Motors rí i pé òjé díẹ̀ nínú epo ń pa ariwo náà. Májèlé ni òjé, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n lò ó, Algeria kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí di 2021.

Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1970 ló mú kí wọ́n so agolo tó ń wẹ èéfín mọ́ sàléńsà. Òjé a máa ba agolo yìí jẹ́, nítorí náà òjé kúrò nínú epo, ìfúnpọ̀ dínkù, agbára sì wó lulẹ̀. Ẹnì kan lè ní ìwé lásán ló wó, nítorí ṣáájú 1972, ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìsí sàléńsà tàbí fáànù tó ń jẹ lára agbára rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn àtúnṣe yẹn ni wọ́n wọn 165 àti 174. Agolo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tí epo àti afẹ́fẹ́ bá bára mu rẹ́gí, èyí tó ju agbára kábúrétọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Bosch ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń tọ́ èéfín wò, tí Volvo lò ní 1976, àti kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná pọ̀ nínú BMW ní 1979. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ti wà níbẹ̀ nítorí èéfín, ó rọrùn láti kọ́ ọ kí ó máa gbọ́ ìró òòlù náà, kí ó sì fa iná sẹ́yìn kí pístìn tó bàjẹ́. Ìgbà yẹn ni táábò Büchi tó di ohun tí a lè fi sínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé. Civic yìí ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ, tòun ti táábò.

Mẹkáníìkì tó bá ní ti àtijọ́ ló lágbára jù kò purọ́ pátápátá. Corvette yẹn fa ẹrù ju Civic lọ, bẹ́ẹ̀ ni kábúrétọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna ṣeé tú, kí a sì tún un tò lẹ́bàá ọ̀nà. Ti òde òní, bí sẹ́ńsọ̀ pàtàkì kan bá kú, kọ̀ǹpútà (brain box) fúnra rẹ̀ ni yóò dín agbára náà kù.