Àmì Àyọlò àti Bí Èdè Ṣe Ń Yí I Padà Lórí Kọ̀ǹpútà

Àmì àyọlò ni òǹkọ̀wé fi ń há ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹlòmíràn jáde mọ́ àárín, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe nínú gbogbo èdè tí ó ń lò ó, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tí ó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì a kọ “báyìí” tàbí ‘báyìí’. Ará Faransé a kọ « báyìí », pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín àmì àti ọ̀rọ̀. Ará Jámánì a fi èyí tí ó ṣí ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀, „báyìí“. Àwọn ará Sweden àti Finland ń lo ẹyọ kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, ”báyìí”, nígbà tí ìwé títẹ̀ ní Denmark sábà máa ń yí ti Faransé sódì, »báyìí«. Ní Japan, igun méjì ni: 「báyìí」. Ẹni tí ó bá ń kọ èdè méjì pọ̀ sínú fáìlì kan yóò tètè bá ìyàtọ̀ yìí pàdé, nítorí pé ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà a máa yan àmì fún un láìbi í léèrè, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń yan èyí tí ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ àyọlò kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi baba ńlá àmì yìí sàmì sí. Ní Alexandria, ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi, Aristarchus ará Samothrace a máa fa àmì kan tí ó rí bí orí ọfà, >, sí etí ìwé, ní ẹ̀gbẹ́ ìlà ewì Homer tí ó bá ní ohun kan láti sọ lé lórí. Diple ni wọ́n ń pe àmì náà. Nígbà tí ó yá, àwọn Kristẹni tí ń da ìwé kọ gbà á lò, wọ́n ń fi tọ́ka sí ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ ènìyàn. Isidore, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Seville tí ó kú ní 636, sọ nípa ìlò yìí nínú ìwé rẹ̀, Etymologiae. Ní gbogbo ìgbà yẹn, etí ìwé ni àmì náà dúró sí. Kò tíì wọ inú ìlà.

Ìtẹ̀wé ni ó mú un wọlé. Lẹ́yìn tí Gutenberg bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé ní Mainz ní nǹkan bí ọdún 1450, àwọn atẹ̀wé ní láti wá nǹkan tí yóò dípò àmì àfọwọ́fà náà. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, púpọ̀ nínú wọn mú kọ́mà méjì, nítorí pé ó ti wà nínú àpótí lẹ́tà wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń tò ó sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan tí àyọlò bá gbà kọjá, kó tó di pé ó ṣẹ́kù sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Àwọn ará Faransé ní tiwọn gba àmì onígun, wọ́n sì ń pè é ní guillemet, orúkọ tí ìtàn so mọ́ Guillaume Le Bé, ẹni tí ń gbẹ́ lẹ́tà ìtẹ̀wé ní ọ̀rúndún náà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí ìwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì kún fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àmì yìí di àmì ọ̀rọ̀ ẹnu. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n jọ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Kódà, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn fi bí ojú olúkúlùkù ṣe rí i hàn: èékánná ológbò ni àwọn ará Hungary ń pè é.

Táípúráítà, tí Remington gbé wọjà ní 1874, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́. Bọ́tìnnì kò pọ̀ lórí ẹ̀rọ náà, nítorí náà bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó di dandan kí ó ṣí ọ̀rọ̀ kí ó sì tún pa á dé. Àmì tí kò tẹ̀ sí ọ̀tún tí kò tẹ̀ sí òsì, ", ni a mọ̀ ọ́n sí. Kọ̀ǹpútà jogún àbùkù náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà ASCII ní Amẹ́ríkà ní 1963, àyè 128 péré ni ó wà fún gbogbo lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì, wọ́n sì fi nọ́ńbà 34 fún àmì títọ́ yìí. Kò sí àyè fún àmì títẹ̀ rárá.

Àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e kò wá lọ́nà kan. Macintosh, tí ó jáde ní 1984, ní àmì títẹ̀ nínú. Ìlànà àgbáyé ISO 8859-1 ti 1987 fún àmì Faransé ní nọ́ńbà 171 àti 187, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì. Windows wá fi àmì títẹ̀ sí nọ́ńbà 145 títí dé 148, níbi tí ìlànà àgbáyé kò fi lẹ́tà kankan sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí ó dára lórí kọ̀ǹpútà kan fi ń di wóróbo lórí òmíràn. Unicode, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, ni ó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: “ gba 8220, ” gba 8221, „ gba 8222.

Síbẹ̀, ìrísí ni Unicode fún ní nọ́ńbà, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹyọ “ kan náà ni ó ń ṣí ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ń pa á dé ní Jámánì. Ẹyọ » ń ṣí i ní Denmark, ó sì ń pa á dé ní Faransé. Kọ̀ǹpútà tí ó rí “ nìkan kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni tàbí ó ń parí, àfi bí ẹnìkan bá sọ èdè tí wọ́n ń kọ fún un.

Nítorí pé bọ́tìnnì àmì títọ́ ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù, àwọn tí ó ṣe ètò ìkọ̀wé kọ́ ọ láti máa méfò. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì náà, Microsoft Word a wo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlàfo tàbí àkámọ́ tí ó ṣí, yóò fi àmì ìṣí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà, yóò fi àmì ìpadé. Ìméfò yìí sábà máa ń bọ́ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá máa ń tàn án. L’ọ́jà àti n’ílé ti àkọtọ́ àtijọ́ kò ní ìṣòro, nítorí pé lẹ́tà ló ṣáájú àmì náà. ’Kúnlé àti ’Délé, tí a gé Adé kúrò lórí wọn, ni yóò di ‘Kúnlé àti ‘Délé, bí ẹni pé àyọlò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ àmì títọ́ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè tẹ Ctrl àti Z pọ̀.

Èdè tí a bá ka ọ̀rọ̀ sí ni Word ń wò láti yan ìrísí. Bí ó bá jẹ́ Faransé, yóò gbé « » síbẹ̀, yóò sì fi àlàfo tí kì í já sí inú wọn, kí àmì má baà dá dúró ní òpin ìlà nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí ìlà kejì. Ẹni tí ó ń kọ Yorùbá ní Kétu tàbí Pobè, lórílẹ̀-èdè Benin, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí Faransé yóò rí àmì Faransé láàárín ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ní Ìbàdàn lórí èyí tí wọ́n tò sí Gẹ̀ẹ́sì yóò rí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá so iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀, fáìlì náà yóò ní oríṣi àmì méjì. Yíyí èdè ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ tán kò sì ran nǹkan lọ́wọ́, nítorí pé ìrísí ti wọ inú fáìlì, kì í sì í yí ara rẹ̀ padà.

Ìwákiri-àti-ìrọ́pò ni ó kù, ó sì gba ọgbọ́n. Nínú ètò tí ìwákiri rẹ̀ ń ya ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹni tí ó ń yí àyọlò Jámánì sí ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò ṣáájú. Bí ó bá kọ́kọ́ sọ gbogbo „ di “, ìṣí àti ìpadé ti di ọ̀kan, bí ìgbà tí a da gàrí méjì pọ̀ sínú igbá kan ṣoṣo. Kí ó kọ́kọ́ sọ gbogbo “ di ”, lẹ́yìn náà kí ó sọ „ di “. Bí ó bá ń bọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Jámánì, “ ni yóò kọ́kọ́ di „, kí ” tó di “. Nínú Word, ìwákiri lásán kì í ya àmì títọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára títẹ̀: bí a bá fi " rọ́pò " nígbà tí ìméfò wà ní títàn, gbogbo rẹ̀ yóò tẹ̀, bí ó bá wà ní pípa, gbogbo rẹ̀ yóò tọ́. LibreOffice, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ní ojú ibi tí a ti lè fúnra wa yan ẹyọ tí yóò ṣí àti èyí tí yóò pa dé.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà tí ó sàn ju ìméfò lọ: kí òǹkọ̀wé sọ pé àyọlò ni, kí ó fi ìrísí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Nínú LaTeX, ètò ìtòwé tí ó dúró lórí TeX tí Donald Knuth gbé jáde ní 1978, àkójọ csquotes ní àṣẹ kan, \enquote, tí ó ń fi àmì èdè tí a wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. Yí èdè padà, àmì náà yóò bá a yí. LyX 2.3, tí ó jáde ní 2018, mú irú àmì alààyè bẹ́ẹ̀ wọ ojú ìkọ̀wé fún ẹni tí kò mọ àṣẹ kankan. HTML 4 ti 1997 ti ní àmì q fún iṣẹ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n ó di 2009 kí Internet Explorer tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tí àwọn tí ń kọ ojú ìwé ayélujára ti mọ́ra láti máa tẹ àmì fúnra wọn.

Word kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Yorùbá nínú rẹ̀, kí ó ka ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ yo-NG, kí ó tó tẹ àmì àyọlò àkọ́kọ́, kí ó sì wo ohun tí ó yọ kí ó tó máa bá iṣẹ́ lọ.