Ta Ni Ó Kọ Ìwé Sẹ̀gilọlá?

Àwọn àgbà wa a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Bí ó ti rí fún arìnrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ń ka ìwé àtijọ́.

Bí a bá gba Bódìjà kọjá lọ sí Àgbówó, a ó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ilé tí Ìjọba Nàìjíríà ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń lọ láti wádìí ohun tí àwọn baba wa kọ. Nínú ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà ni ìtàn Sẹ̀gilọlá ti kọ́kọ́ jáde.

Ní ọdún 1929 ni lẹ́tà obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú Akéde Èkó. Ó ní arẹwà ni òun nígbà èwe, òun fi ẹwà náà ṣe ìṣekúṣe, àìsàn àti òṣì sì ti dé bá òun. Kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin kí ó fi òun kọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí ilé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Ní ọdún 1930, àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Àwa pàápàá, nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, àánú rẹ̀ ṣe wá.

Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kò gbé ayé rí. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ni ó fi ọgbọ́n orí dá a. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber gbé àwọn lẹ́tà náà kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí Thomas kọ, ó túmọ̀ wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 2012.

Bí a kò bá wádìí, òpìtàn ìbá ka ẹni tí a kò bí mọ́ àwọn obìnrin Èkó, Thomas ìbá sì pàdánù iyì rẹ̀. Ọdún 1938 ni ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde. Nítorí náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣe ń pe ti Thomas ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ìwé àtijọ́ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ tí ó wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí a ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọdún tí ó jáde, ẹni tí ó ni ilé ìròyìn náà, àti ohun mìíràn tí ọwọ́ kan náà kọ. Nígbà náà ni a ó lè fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí.