Malcolm X àti Ìwé Atúmọ̀-Èdè Inú Ẹ̀wọ̀n

Nílẹ̀ wa, bí ẹnìkan bá ń da gírámà sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń pa fún un, kódà bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ ohun tó wí. Ìtàn Malcolm X fi hàn pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ wà fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní ìlú Omaha, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kíláàsì kẹjọ ló kàwé dé. Ní ọdún 1946, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Massachusetts nítorí olè jíjà. Èdè ìgboro yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí Elijah Muhammad, aṣáájú ẹgbẹ́ Nation of Islam, èrò kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé e jáde ni kò sí.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Norfolk, tí wọ́n gbé e lọ ní 1948, ó gba ìwé atúmọ̀-èdè kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ojú-ewé kìíní kọ. Odindi ọjọ́ kan ló gbà á. Ó ka gbogbo rẹ̀ sókè sí etí ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé òun ṣì rántí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, ló bá ṣí ojú-ewé kejì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1965, ó ní òun da ìwé náà kọ tán pátápátá. Bí wọ́n bá pa iná ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fi ń kàwé. Bó bá gbúròó ẹ̀ṣọ́, a sáré dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Ó jáde lẹ́wọ̀n ní 1952. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1964, ó sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ibẹ̀ sì fún un ní orúkọ Ọmọwálé. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé jiyàn. Síbẹ̀, mẹ̀kúnnù tó dúró ní ìkóríta Harlem náà gbọ́ ọ yé.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí fún ọ̀dọ́ tó ń há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí lónìí. Malcolm ti ní ohun tó fẹ́ sọ kó tó wá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ jọ láìní ohun tó fẹ́ fi wọ́n sọ, ariwo lásán ló kó jọ.