Afẹ́fẹ́ Tó Gbé Wọn Sókè

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi fídíò ìdíje kan ránṣẹ́ sí mi. Àwọn òyìnbó ń sáré bọ́ sílẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ìyẹ́ aláṣọ ńlá léjìká, kò sí ẹ́ńjìnnì kankan, wọ́n sì ń fò. Hang glider ni wọ́n ń pè é. Ó wá bi mí pé, “Dádì, ṣé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó náà ló ṣe dáa fún wọn tó?”

Hmm. Ìbéèrè yẹn ti pa èèyàn rí.

Otto Lilienthal, ará Jámánì, ló la ọ̀nà eré yìí. Ní 1894, ó mọ òkè kan fúnra rẹ̀ nítòsí Berlin. Kí ló dé? Ẹni tó fẹ́ fò gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í gba ojú kan wá lójoojúmọ́. Ó wá mọ òkè náà ṣóńṣó, kó lè kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń bọ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn! Ara rẹ̀ ló fi ń darí ìyẹ́ náà: á ju ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún, á jù ú sósì. Ó fò tó ìgbà 2,000. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1896, lórí òkè Gollenberg, afẹ́fẹ́ òjijì gbé imú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, ìyẹ́ náà ò ríbi fẹ̀yìn tì mọ́, ó já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 15. Ọrùn ló fi ṣẹ́. Ọjọ́ kejì ló kú, ẹni ọdún 48.

Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, 23 oṣù karùn-ún 1971, àwọn ọ̀dọ́ California kóra jọ nítòsí Newport Beach láti ṣe ìdíje. Àwọn kan fi ọparun àti ọ̀rá ṣe ìyẹ́ tiwọn. Ọ̀rá o!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn wò. Ká ní ìyẹ́ ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ 30 ń bọ̀ níwájú, 10 péré ló kù tó ń rìn. Bí afẹ́fẹ́ bá wá di 45, ẹ̀yìn ló ń lọ yẹn, sí ẹ̀yìn òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí gbirigbiri. Ibẹ̀ ló ti ń da èèyàn lulẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà, tó bá wà lẹ́yìn ẹni, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje 2012, Dustin Martin ará Amẹ́ríkà àti Jonny Durand ará Ọsirélíà gbéra ní Zapata, ní Texas. Àwọn méjèèjì jọ fò fún nǹkan bíi wákàtí 11. Martin rin kìlómítà 764, ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ ló fi ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ.

Mo padà wo fídíò náà. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó wo ojú ọ̀run títí, ó ká ìyẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí mọ́tò, nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń sáré bọ́. Mo ní kí ọmọ wa wo ẹni yẹn dáadáa.

Ó ní òun ò tiẹ̀ rí i.