Láti Ọ̀kẹ́ Owó Ẹyọ dé Ẹnu Ọ̀nà Báńkì: Ìtàn Owó Yíyá ní Òkè-Ògùn

Èdè a máa pa ìtàn mọ́. Nígbà tí Yorùbá bá pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, ayé owó ẹyọ ni ó ń rántí. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá kan (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan (20,000). Owó tí ó wúwo báyìí kò rọrùn láti gbé lọ jìnnà. Àdúgbò ẹni ni a ti ń wá ẹni tí yóò yáni. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé kì í ṣe ibi ìpamọ́ owó ni ó wọ́n jù lọ fún àgbẹ̀ àti ahunṣọ, bí kò ṣe ẹni tí yóò yá wọn lówó láìni wọ́n lára.

Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Àgbẹ̀ Ṣakí gbọ́dọ̀ sanwó ebè kí ó tó wa iṣu. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn gbọ́dọ̀ ra òwú kí aṣọ tó dé ọjà. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́ lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, kí iṣẹ́ ọmọ náà dúró fún èlé. Tàbí kí ó gba owó sogúndogójì. Èsúsú ni ó sàn jù. Samuel Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a tẹ̀ ní 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá lásìkò tí a yàn, wọn a sì máa kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o yá owó láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn fi owó pamọ́. Ìwà ọmọlúàbí ni ohun ìdógò wọn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá jẹ́ àgbẹ̀, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń wá owó, ọ̀dá kan náà ni ó sì ń pa wọ́n. Níhìn-ín ni báńkì ti wúlò: ó lè kó owó wá láti ibi tí ọ̀dá kò dé.

Báńkì dé Èkó ní 1892, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò òkèèrè ni ó kọ́kọ́ jẹ lógún. National Bank, ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ ní 1933. Báńkì Alájẹṣẹ́kù tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn ní 1953. Ní 1977, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko. 200 ni ti ìpele àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ni báńkì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, tí òfì rẹ̀ kò sì já mọ́ ohun ìdógò. Bí a bá gba owó ìgbèríko pamọ́, tí a sì lọ yá a fún ará ìlú ńlá, ìgbèríko ni ó ń ṣe alájọ fún ìlú ńlá.

Ní Bangladesh, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn tálákà lówó ní 1976. Ní 1983 iṣẹ́ náà di Grameen Bank. Ẹni márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kó jọ sí ẹgbẹ́, láìbèèrè ìwé ilẹ̀. Kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ èsúsú. Nàìjíríà náà dá báńkì àdúgbò sílẹ̀ ní 1990, ó sì ṣe ìlànà fún àwọn báńkì kéékèèké ní 2005. Lónìí, oní-POS ń san owó fúnni lẹ́bàá ọjà. Ṣùgbọ́n owó ẹni ni ó ń san fúnni.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa ka iye ilẹ̀kùn báńkì nìkan. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè iye tí báńkì yá àgbẹ̀ nígbà ebè, àti ahunṣọ nígbà òwú. Ibẹ̀ ni ìdàgbàsókè ti ń bẹ̀rẹ̀.