Ta Ló Bí Lápàdé?

Ọmọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà yunifásítì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ti Kọ́lá Akínlàdé nínú àtẹ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín (kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ ṣe aládùúgbò mi) ti fi báírò kọ orúkọ apààyàn gàdàgbà sí etí ojú ewé kẹtàlá.

Bí mo ṣe ń hu ni ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Chase náà ni gbogbo wọn wò kọ.” Ó na ọwọ́ sí òkìtì ìwé James Hadley Chase tó wà lápá kejì, bí ẹni tó ń fi bàbá ọmọ han ọmọ.

N kò bá a jà. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nílé ìwé nìyẹn. Wọ́n ní Fágúnwà ló kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ ní Yorùbá, pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ ní 1938, iwin àti ẹbọra ló sì kún inú rẹ̀. A ò mọ ìtàn tó ń mú ọkàn ẹni sókè títí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ka ìwé òyìnbó yó, tó da aṣọ Yorùbá bò ó, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Lápàdé, tó sì gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969. Akínlàdé tẹ̀lé e. Ó parí.

Díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tú ìdí ọ̀ràn lọ, àjèjì ni lọ́dọ̀ wa. Edgar Allan Poe ará Amẹ́ríkà ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1841, Conan Doyle sì mú Sherlock Holmes dé ní 1887. Ọ̀nà Holmes ni Akínlàdé sábà máa ń gbà: òkú ti sùn, a ò mọ ẹni tó pa á, ẹ jẹ́ ká máa ṣa ẹ̀rí jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lápàdé ti Òkédìjí kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, ó ń sáré, ó ń jà, ó ń kó sí wàhálà, á sì tún máa pòwe nínú ewu. Ẹni tó bá ní Òkédìjí kò ka Chase rí, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n Chase tí wọ́n ní a wò kọ yìí, ibo lòun ti rí tiẹ̀? René Raymond lorúkọ rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1906. Nígbà tó kọ No Orchids for Miss Blandish, tó jáde ní 1939, máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè àwọn jàgùdà Amẹ́ríkà ló gbé ka iwájú. Ọ̀pọ̀ wa tó kà á nígbà èwe rò pé ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni. Wọ́n tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣí ọ̀rọ̀ Raymond Chandler mú, ó sì ní láti tọrọ àforíjì. Bí àwòkọ bá sọ ọmọ di àlè, Chase náà kò lè jẹ ogún.

Ẹ tún wo ọdún. Cyprian Ekwensi ti kọ Yaba Roundabout Murder ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì nígbà náà, 1977 ló bẹ̀rẹ̀. Lápàdé ti ń lé ọ̀daràn fún ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Irè-Èkìtì níhìn-ín, ibòmíràn ló gbà yọ. Ó ní ọdẹ tó ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú ìrì òwúrọ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àkọ́kọ́, pé Ògún Onírè ni bàbá wọn, àlọ́ àpamọ̀ sì ni ìyá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ọgbọ́n ọdẹ ni wíwo ipa ẹsẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n ìtàn. Àlọ́ àpamọ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́fà ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó pa á tán. Nínú àlọ́ Ìjàpá, a ti mọ olè láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ là ń dúró gbọ́.

Èkó ni kí ẹ bá mi lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Àkéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan. Ó ní òun ni Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, òun ti fi ọkùnrin ṣayé rí, àìsàn ti wá dá òun dúbúlẹ̀, òun fẹ́ jẹ́wọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń fa orin ayé ìgbà náà yọ. Bó bá wá kan orúkọ àwọn tó bá a ṣayé, á kó o jẹ. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí ló ṣe títí di oṣù Kẹta ọdún 1930.

Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé ò mọ̀. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń bá obìnrin náà kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fowó ránṣẹ́. Ta ni? Ọmọ ilé ta ni? Òǹkàwé ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ogójì ọdún kí Lápàdé tó dé! Ọdún 1930 náà ló di ìwé. Nígbà tí Karin Barber túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, ó pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣáájú Fágúnwà.

Kò sí ọlọ́pàá tó ń wá apààyàn nínú Ṣẹ̀gilọlá, n kò sì pè é ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé mọ nǹkan, kó pa á mọ́, kó máa bù ú fún wa ní ẹ̀rún, kí á má sì bínú sọ ìwé nù. Iṣẹ́ yẹn ti délé kí Òkédìjí tó mú kálàmù.

Àwa tá à ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé la bà á jẹ́. Ẹ ṣí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí Àgbàlagbà Akàn, ìwé Lápàdé mìíràn tí Òkédìjí kọ: wọ́n ti ka òwe, wọ́n ti ka àkànlò èdè, wọ́n ti tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi pé kí ló dé tí òun ò lè gbé ìwé náà sílẹ̀ lóru. A kó òwe fún Yorùbá, a wá fọwọ́ ara wa gbé ìtàn fún Chase.

Mo ra ìwé náà. Mo fi báírò dúdú pa orúkọ ojú ewé kẹtàlá rẹ́ kí n tó yá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó dá a padà lọ́jọ́ kejì, kò tíì kà á dé ìdajì. Ó ní òun gbé ojú ewé náà sókè sí iná, òun sì rí orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.